Ta Ló Ń Mu Ẹ̀jẹ̀ Kékeré?

Ọmọ náà jẹun, ó rẹ́rìn-ín, ó sùn lọ́sàn-án, kò sì jí mọ́. Oṣù mọ́kànlá péré ló lò láyé. Ara rẹ̀ ò gbóná, kò wúkọ́, kò sunkún. Yàrá ìyá àgbà ló sùn sí, ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ló kú sí, ohun tí aráyé sì fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Kí wọ́n tó sin ín tán, ọ̀rọ̀ ti jáde sí ìta, ó ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé.

Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá àgbà náà, nítorí ogójì ọdún ló ti fi ń fọ aṣọ aláṣọ tó sì ń lọ̀ ọ́. Àbúrò ìyá Káfíńtà ni, ìyẹn bàbá ọmọ tó kú náà. Òun ló tọ́ Káfíńtà dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, òun alára kò sì bímọ rí. Obìnrin tó dàgbà, tí kò bímọ, tí ọmọ ọlọ́mọ kú sí lẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ̀rí wo ni ayé tún ń wá? Ọwọ́ epo làráyé ń báni lá, wọn kì í báni lá tẹ̀jẹ̀.

Yàrá mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn ni ilé wọn. Alágbàfọ̀ wà ní ìkangun, Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ Aránṣọ wà láàárín, Onídìrí tó háyà yàrá kẹta wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè wọlé tàbí kó jáde kó má rí i. Irun ló ń dì fún àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló ń dì jù.

Lẹ́yìn ikú ọmọkùnrin yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í joro. Kékeré ni wọ́n ń pè é, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin tó dà bí ọlọ́dún méjì. Irun orí rẹ̀ ń já. Egbò yí ẹnu rẹ̀ ká, egbò yí ìdí rẹ̀ ká. Ìgbẹ́ gbuuru á dá lónìí, á tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á tọ́ ọ wò, á ní kò ládùn. Ìyá rẹ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rán nǹkan kan, ògiri ló ń wò. Ìbànújẹ́ ti gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Alágbàfọ̀ gbé ọmọ náà pọ̀n, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ló mú un ṣe é.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ yẹ awọ ọmọ wò, ó wọ̀n ọ́n, ó sì béèrè ohun tó ń jẹ.

“Búrẹ́dì àti tíì,” ni Alágbàfọ̀ dáhùn.

“Ẹran ńkọ́, Màmá? Ẹyin? Ẹ̀wà?”

“Ẹran kẹ̀? Àwa àgbà gan-an, òórùn rẹ̀ là ń gbọ́ láti ilé aládùúgbò.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá mú páálí oògùn kan jáde. “Èròjà kan ló dín lára ọmọ yìí. Síńkì ni wọ́n ń pè é. Ìlàjì hóró ni kí ẹ máa fún un, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ yọ́ ọ sínú ṣíbí omi tó mọ́, lẹ́yìn tó bá jẹun tán, kí èébì má baà gbé e. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ gbé e padà wá kí n wò ó. Màmá, ẹ gbọ́ o: ẹ gbé e padà wá.”

Alágbàfọ̀ gbọ́. Ó sì ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, egbò ẹnu Kékeré ti ń jiná, irun ti ń hù lórí rẹ̀, ó sì ti ń béèrè oúnjẹ fúnra rẹ̀. Inú ìyá àgbà dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọmọ ti kú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ayọ̀ náà ò kúkú pẹ́, nítorí Onídìrí ti yọjú láti ojú fèrèsé.

“Ìyàwó Káfíńtà,” ni Onídìrí wí, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń báni kẹ́dùn, “ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń ro nǹkan funfun kan sínú ṣíbí fún ọmọ rẹ láràárọ̀? Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ojú mi ló rí i.”

Aránṣọ dìde nídìí ẹ̀rọ. Ìgbà tó ti dìde báyẹn kẹ́yìn, ó ti pẹ́.

“Màmá, kí lẹ ń ro fún ọmọ mi?”

“Oògùn ni, ìyàwó mi. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti fún mi.”

“Ta ló rán yín lọ síbẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọmọ ń lọ lójú wa, ìwọ sì ń wo ògiri.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ sí mi! Èyí tó kú ńkọ́? Ta ló ń wò ó nígbà tó kú?”

Káfíńtà ti dé, ó dúró láàárín àgbàlá pẹ̀lú pákó léjìká. “Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin méjèèjì.” Káfíńtà mọ bí wọ́n ṣe ń so igi méjì pọ̀ kó má yà mọ́ láéláé, àmọ́ iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ yìí, kò kọ́ ọ.

“Ẹ ò gbọdọ̀ gbé ọmọ mi jáde kúrò nínú ọgbà yìí mọ́,” ni Aránṣọ fi parí ọ̀rọ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe pé nìyẹn, tí kò sí ẹni tó gbé Kékeré padà lọ. Alágbàfọ̀ rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Bí òun bá ní kí wọ́n gbé e lọ, wọ́n á ní òun fẹ́ parí iṣẹ́ òun. Bí òun bá sì dá oògùn dúró, bí egbò bá padà ńkọ́? Ó bá lọ ra páálí mìíràn lọ́wọ́ apòògùn. Láràárọ̀, bí Kékeré bá jẹun tán, á yọ́ wọ yàrá ìyá àgbà, á la ẹnu, á gba ìlàjì hóró rẹ̀, á sì sáré jáde. Ìyá àgbà mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì wí. Ẹ̀rù ló bà á ju ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì lọ.

Oṣù kan kọjá, méjì kọjá. Àìsàn mìíràn wá dé. Irun ọmọ ò já mọ́, egbò ìdí ò sí mọ́, ṣùgbọ́n ní ìdájí Kékeré á máa bì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bíi búrẹ́dì tí wọn ò tíì yan. Ibà ń mú un léraléra. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tó mu ọtí, á rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, á ṣubú.

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,” ni Onídìrí wí fún obìnrin tó ń dì lórí, ó sì gbé ohùn sókè kó lè dé yàrá ìkangun. “Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ yẹn. Wọ́n ń mu ún ni. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mu ún.”

Wọ́n ní ẹyẹ dúdú kan ń bà lórí okùn aṣọ Alágbàfọ̀ ní ọ̀sán gangan, pé òun ni ẹyẹ náà ń bá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ẹyẹ ń wá. Eyín ń dun ìyá àgbà, kò lè jẹ èèpo búrẹ́dì, ilẹ̀ ló ń jù ú sí, ẹyẹ sì mọ ibi tí oúnjẹ wà. Òótọ́ sì ni pé ó máa ń bá a sọ̀rọ̀. Nínú ilé yẹn, ta ló tún kù tó ń dá a lóhùn?

Wọ́n tún ní Alágbàfọ̀ àti ìyá arúgbó méjì ń pàdé lẹ́yìn ilé ìfọṣọ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jókòó yí abọ́ ńlá kan ká, èéfín ń rú nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń pàdé. Omi gbígbóná ló wà nínú abọ́, ẹsẹ̀ wọn ló sì wà nínú omi. Ẹni tó bá ti dúró fọṣọ láti òwúrọ̀ á mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìpàdé wọn ò ní àṣírí kan ju ìrora orúnkún lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn méjì tó kù náà ò wá mọ́. Ọ̀kan ní ọmọ òun ní kí òun má wá, èkejì ò tilẹ̀ wí nǹkan kan.

Ohun tó burú jù, Alágbàfọ̀ ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun alára ti ń fura sí ara rẹ̀. Ṣebí wọ́n máa ń sọ pé ẹlòmíì ń ṣe é láì mọ̀, pé ara á sùn, ẹ̀mí á jáde? Bó bá jí lówùúrọ̀, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Á fi ahọ́n kan ètè rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, kò sì mọ̀ bóyá òun ló ń pa á. Ó rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ tí oorun ò lè gbà kúrò lára èèyàn.

Káfíńtà wá bá a ní ọjọ́ Jímọ̀. Kò lè wò ó lójú. “Màmá, àwọn àgbà ẹbí ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí ẹ wá jẹ́wọ́ kí ọmọ lè yè, tàbí kí ẹ kúrò nínú ilé.”

“Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?”

“Mi ò lè pàdánù ọmọ méjì, Màmá.”

“Mo gbọ́,” ni Alágbàfọ̀ wí. “Fún mi ní aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn kí n lọ̀ ọ́.”

Ó ti pinnu kó tó di ọjọ́ Àìkú. Á jẹ́wọ́. Bí òun bá gbà pé òun ni, kò sẹ́ni tó máa tún bi òun ní nǹkan kan. Wọ́n á lé òun, òun á lọ, bóyá ọmọ á yè. Bí kò bá sì yè, ó kéré tán òun ò ní wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá. Onídìrí kò dì irun kankan lọ́jọ́ náà, ó gbé àga rẹ̀ síwájú. Aránṣọ jókòó, ojú rẹ̀ wú. Alágbàfọ̀ dìde, ó di gèlè rẹ̀ dáadáa bí ẹni ń rìnrìn àjò.

“Ó rẹ̀ mí,” ló fi bẹ̀rẹ̀. “Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, màá sọ ọ́. Ọmọ tó kú, àti èyí tó...”

Kékeré ti rí i láti ẹnu ọ̀nà. Inú ọmọ dùn nígbà tó rí ìyá àgbà lórí ìdúró, ó bá ń bọ̀ wá bá a, apá rẹ̀ nà síwájú. Ìṣísẹ̀ kan, méjì, mẹ́ta. Ó ṣubú lulẹ̀, orí rẹ̀ kan ilẹ̀, kò dìde mọ́.

Aránṣọ kígbe. Káfíńtà ti gbé ọmọ, ó ti dé ojú títì. Alágbàfọ̀ ń sáré tẹ̀lé wọn láìní bàtà, kò sì sẹ́ni tó rántí láti ní kó padà.

Nọ́ọ̀sì ìjọ́sí ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ṣí ìpéǹpéjú ọmọ, ó wo inú ẹnu rẹ̀, ó fi nǹkan kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Ó wá fa káàdì ọmọ náà yọ.

“Mo ní kí ẹ gbé ọmọ yìí padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Oṣù mélòó rèé? Kí lẹ ń fún un?”

Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí abẹ́ ìró rẹ̀, ó yọ páálí kan, ó gbé e sórí tábìlì.

“Ìlàjì hóró láràárọ̀, bí ẹ ṣe wí. Mi ò gbé e padà wá nígbà tí ẹ ní kí n gbé e wá, mi ò sì dá oògùn dúró. Mo jẹ̀bi.”

Nọ́ọ̀sì mi orí. “Ẹ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìlàjì nìkan ò lè ṣe èyí. Ta ló tún ń fún un?”

Aránṣọ ṣí báàgì rẹ̀, ó kó páálí jáde. Àwọ̀ kan náà ni, orúkọ kan náà. “Odidi hóró kan,” ló wí. “Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Mo rí orúkọ tó wà lára páálí Màmá, ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tí wọ́n ń fún un látinú rẹ̀ kì í ṣe oògùn, mo bá lọ ra tèmi. Mo fẹ́ kí tèmi borí tiwọn. Mo ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ kún un pọ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ funfun.”

“Láì jẹun?”

“Láì jẹun.”

Ariwo kékeré kan dún. Káfíńtà ló gbé páálí kẹta sórí tábìlì, ìṣó méjì sì bá a jáde láti inú àpò ṣòkòtò rẹ̀. “Nírọ̀lẹ́,” ló wí. “Odidi kan. Mo rò pé àwọn méjèèjì ti pa oògùn tì nítorí ìjà, èmi náà bá lọ ra irú rẹ̀. Bí mo bá sì sọ ọ́, ìyàwó mi á ní mo ń gbè sẹ́yìn Màmá.”

Alágbàfọ̀ wo páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún oṣù mélòó kan, èèyàn mẹ́ta nínú ilé kan ti ń gba ọmọ kan là, ẹnikẹ́ni ò sì bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì jókòó. Ó dà bí ẹni pé ó rẹ òun náà. “Ẹ gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Síńkì dáa, òun ló wo egbò rẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù tó sì pẹ́ jù, kì í jẹ́ kí ara gba èròjà mìíràn tó ń jẹ́ kọ́pà. Kọ́pà yìí, bíńtín ni ara ń fẹ́ nínú rẹ̀, àmọ́ bí kò bá sí, ara ò lè ṣe ẹ̀jẹ̀, kò lè bá ibà jà, ẹsẹ̀ ò sì ní lágbára. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń fi pọ̀ mọ́ ọn, ńṣe ni àwọn méjèèjì ń dí ara wọn lọ́nà. Ó kéré tán, wákàtí méjì ló yẹ kó wà láàárín wọn. Láti ìsinsìnyí, síńkì dúró. Ilé ìwòsàn ńlá ni mò ń gbé e lọ báyìí kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.”

“Ṣé á yè?” ni Aránṣọ béèrè.

“Mo rò pé á yè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè pẹ́ kó tó le.”

Aránṣọ pa báàgì rẹ̀ dé. “Àbúrò rẹ̀ ńkọ́? Èyí tó kú sójú oorun. Kí ló pa á?”

“Mi ò mọ̀,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Àwọn ọmọdé kan ń kú bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní mo mọ̀. Ṣùgbọ́n sísùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà kan tó fẹ́ràn rẹ̀ kọ́ ló sọ àgbà náà di apànìyàn.”

Nígbà náà ni Alágbàfọ̀ bú sẹ́kún. Kò sunkún nígbà tí wọ́n pè é ní àjẹ́. Nígbà tí ẹnì kan wá sọ pé òun kì í ṣe é, kò lè mú un mọ́ra.

Àyẹ̀wò fi hàn pé bí nọ́ọ̀sì ṣe wí ló rí. Ọjọ́ méjìlá ni Kékeré lò ní ilé ìwòsàn ńlá, lórí oògùn tuntun tí ẹnì kan ṣoṣo ń fún un, tó sì ń fàmì sí ìwé ní gbogbo ìgbà tó bá fún un. Pupa díẹ̀ padà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Èébì dá. Ó ń dúró tó bá di ibùsùn mú.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wálé, àwọn àgbà ẹbí ti gbọ́, wọ́n ti wá, gbogbo ojúlé sì ti tú síta. Onídìrí wà níwájú, ó di ìyarun mú.

“A dúpẹ́ o. Ọmọ ti dé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wa, kí ọkàn wa lè balẹ̀. Ta wá ni?”

Aránṣọ gbé ọmọ fún ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó ti múra tán. Fún ọjọ́ méjìlá ló ti ń tún un sọ lójú Alágbàfọ̀ pé òun máa dúró níta gbangba, òun máa sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́.

“Ẹ gbọ́ o,” ló wí. “Èmi...”

Onídìrí ti ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rọra ń wò ó, ó ń wọ̀n ọ́n. Alágbàfọ̀ mọ ìwò yẹn, ó ti gbé abẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ.

“Dákẹ́, ìyàwó mi,” ni ìyá àgbà wí, ó ti bọ́ síwájú rẹ̀. “Oògùn la lò jù. Àwa tá a wà nínú ilé yìí la lò ó jù, èmi gan-an wà níbẹ̀. Àṣejù ni, kò sí àjẹ́ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i, kó lọ bá nọ́ọ̀sì. Onídìrí, irun ẹni tó wà lórí àga rẹ ò tíì tán.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà gbé ara wọn nílẹ̀, ọ̀kan tọrọ àforíjì, ó ń sọ ọ́ sínú agbádá rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àgbàlá ṣófo.

Aránṣọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà. “Màmá, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́? Èmi ni mo fún un jù. Èmi ni mo sì fi ẹnu mi pè yín ní...”

“Mo mọ ohun tí o pè mí.”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n nígbà náà.”

“Kí wọ́n lè ṣe kí ni? Ọmọ kan kú fún ọ. O fọwọ́ ara rẹ fún èkejì ní ohun tó fẹ́ pa á. Bí o bá sọ ọ́ tán, wàá rí i bí wọ́n á ṣe máa gbé ọmọ wọn kúrò nílẹ̀ bí o bá ń kọjá.” Ó fà á lápá pé kó dìde. “Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jẹ́ àjẹ́ ní àdúgbò yìí, ìyàwó mi. Ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́ gbà á. Ìwọ ò lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan.”

Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí ọmọ lè wọlé nígbà tó bá fẹ́.